Ohùn Ẹran tí Mo Fi Sínú Ẹ̀rọ Ìdòwú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má bínú pé n kò fi orúkọ mi síwájú. Orúkọ mi kò lè ṣe yín láǹfààní kankan. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó ti pẹ́ lára mi débi pé mò ń bá a jẹun, mò ń bá a sùn, mò ń bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé a ó jọ wọ ibojì ni, kí ọ̀rọ̀ sì tán.

Kò fẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìdòwú, fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ. Etí Ìdòwú ti di pátápátá. Ó ní èmi ni n óò dúró fún òun lọ́jọ́ ìdána, kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àna, kí n sì dá wọn lóhùn bí bàbá ìyàwó. Níwájú gbogbo ilé rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Ó ní, "Ìwọ ni etí mi." Inú gbogbo wọn dùn. Èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe fọ́ etí ọ̀hún, àti ìdí tí mo fi fọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ sì bú mi, n kò ní jà.

Nígbà Ìyípadà ni, ayé Ehuzu, bí ìjọba ológun ṣe ń pè é lórí rédíò, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì, tí àwọn ọmọ kéékèèké pàápàá ń na ìkúùkù sókè kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Èmi àti Ìdòwú jẹ́ olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan, ní ìlú kékeré kan lórí ilẹ̀ Kétu, níbi tí ènìyàn ti ń gba àárín oko àgbàdo kọjá lọ sí Idigny. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Òun ń kọ́ wọn ní físíìkì. Ògiri kan ló pín yàrá wa. Bí mo bá húkọ́, á ti ní "pẹ̀lẹ́" láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí i. Ọ̀dìnatẹ̀ ni àwa ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ òde òní á ní kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ, rọ́bà sì ni àwọn bọ́tìnnì rẹ̀. A máa ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti bátìrì mọ́tò. Kásẹ́ẹ̀tì orin lásán ni a fi ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀.

Ìdòwú jókòó ti ẹ̀rọ náà, ó kọ ètò kan sínú rẹ̀ tó sọ ọ́ di dùùrù. Bí o bá tẹ lẹ́tà kan, ohùn kan á jáde. Bí o bá tẹ òmíràn, ohùn mìíràn. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí awọ, kò sí ihò fèrè. Nọ́ńbà lásán ni. Nígbà àkọ́kọ́ tó dún, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹ̀fọn inú ìgò, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n Ìdòwú kò jẹ́ kó sinmi. Ó fi ohùn fèrè kún un. Ó fi ti agogo ṣọ́ọ̀ṣì kún un. Ó kọ́ ẹ̀rọ náà bí òjò ṣe ń dún lórí páànù. Lẹ́yìn náà ó fi gbohùngbohùn sí i, kí ohùn lè máa padà wá bí ìgbà tí ènìyàn bá kígbe sínú kànga. Òun ló ń ro ohùn náà, èmi ni mò ń bá a ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti wọlé. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ń dúró, àti bí ó ṣe ń kú. Agogo a máa bẹ̀rẹ̀ lójijì, a sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Fèrè a máa wọlé jẹ́jẹ́. Bí o bá fẹ́ kí ohùn máa gbọ̀n bíi ti ìyá arúgbó tó ń kọ orin ìyìn, nọ́ńbà kan wà fún ìyẹn náà. Èmi ni mo ṣírò ìgbọ̀n yẹn. Ó gbà mí lákòókò, orí sì fọ́ mi.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá wá wò ó, "ẹ̀rọ Ìdòwú" ni wọ́n ń pè é. Ìdòwú, o kú iṣẹ́. Ìdòwú, orí ẹ pé. Èmi náà á wà níbẹ̀, n óò máa di wáyà mú. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Delegé, aṣojú ìjọba Ìyípadà, ló ń ṣàkóso ìlú wa nígbà náà. Ó ti kú, n kò ní dárúkọ òkú. Ọkùnrin sísanra kan ni, ó sì fẹ́ràn kí àwọn ọmọ mílísì, ẹ̀ṣọ́ Ìyípadà, máa tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọn. Ó ṣe òfin pé ẹran kankan kò gbọdọ̀ rìn kiri mọ́. Èyíkéyìí tí wọ́n bá bá lójú ọ̀nà ti di ti Ìyípadà. Ẹ̀yìn ilé Delegé ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ẹran tó bá wọlé síbẹ̀ kì í jáde mọ́, òórùn ọbẹ̀ ló ń jáde. Gbogbo ìlú mọ̀. Kò sí ẹni tó jẹ́ la ẹnu sọ ọ́.

Àgbò ìyá mi wà lára wọn. Ó ń sìn ín fún ìrántí bàbá mi. Okùn rẹ̀ já, wọ́n sì mú un. Nígbà tí ìyá mi lọ bẹ̀bẹ̀, ọmọ mílísì kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ìdí ìbọn tì í láyà. Ìyá mi ṣubú sẹ́yìn lórí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ dá. Egungun náà kò tò dáadáa títí ó fi kú. Bó bá fẹ́ gbé ife omi, ọwọ́ kejì ló fi ń gbé e.

Ní ọdún yẹn, àwọn ọ̀gá láti Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, fẹ́ wá bá wa ṣe àjọ̀dún. Delegé ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ náà. Ó ránṣẹ́ pe Ìdòwú, èmi náà sì bá a lọ.

"Kamaráàdì Ìdòwú," ó ní, "mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kí mi níwájú àwọn àlejò. Kó máa sọ pé, Ó wá ire wa."

Ọ̀rọ̀ tó ti ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ilé rẹ̀ nìyẹn.

"Kamaráàdì Delegé, ẹ̀rọ náà kò ní ètè, kò ní ahọ́n," ni Ìdòwú wí. "Orin nìkan ló lè kọ."

"Ṣé àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orin ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí èdè wa ṣe rí. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: bí o bá ti fi ohunkóhun pa wọ́n, kódà kó jẹ́ súfèé, etí á wá ọ̀rọ̀ tó bá wọn mu fúnra rẹ̀. Ìdòwú tẹ ohùn òkè méjì, ó tẹ ohùn àárín mẹ́ta tẹ̀ lé wọn. Ó wá ire wa. Ó lo ohùn fèrè, ó fi gbohùngbohùn sí i, ó sì dà bí ẹni pé odindi ìjọ ló ń kọ ọ́. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ń pè mí láti inú yàrá pé kí n wá gbọ́, kí n tún wá gbọ́.

Mò ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan tó ń tẹ orin náà, mo sì bá ara mi tí mò ń fi ẹnu bá a lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ti Delegé. Ó jí ẹran wa. Ohùn òkè méjì, ohùn àárín mẹ́ta. Kò fi ibì kankan yàtọ̀. Ẹ fi ẹnu yín pa á wò, ẹ ó rí i. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sínú omi ọṣẹ.

Ó yẹ kí n pe Ìdòwú kí n sọ fún un. Ì bá yí orin náà padà lójú ẹsẹ̀. N kò sọ fún un. Mo jókòó, mo rò ó. Mo mọ̀ pé bí orin bá kàn jáde bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù Delegé á di etí àwọn ènìyàn, ire nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ó ku ohun tó máa fa etí wọn sí ọ̀nà kejì. Mo wá pinnu láti fi ohùn tuntun kan sí ẹ̀rọ náà.

Bí Ìdòwú bá ti lọ bá ìyàwó rẹ̀ lóko, mo máa jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Mo mú ìgbọ̀n tí mo ṣírò fún orin ìyìn, mo jẹ́ kó yára, mo jẹ́ kó le. Mo jẹ́ kí ohùn náà bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé imú ló ti ń jáde, kó máa yọ́ wálẹ̀ bó ṣe ń kú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó yá, ó dà bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo lọ dúró ti ewúrẹ́ aládùúgbò wa, mo fetí sí i bí n kò ṣe fetí sí ìwàásù rí. Mo wá rí i pé ewúrẹ́ kì í gbọ̀n dọ́gba. Ó ń yára ní ìbẹ̀rẹ̀, á wá falẹ̀ ní ìparí. Mo padà wọlé, mo ṣe é bẹ́ẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ewúrẹ́ tó wà lóde dáhùn.

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ilé onílé ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń sọ fún ara mi pé nítorí ọwọ́ ìyá mi ni. Apá kan rẹ̀ nìyẹn. Apá kejì ni pé mo fẹ́ kí ẹ̀rọ Ìdòwú dójú ti Ìdòwú díẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fi òun náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Ènìyàn lè fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn kó sì máa jowú rẹ̀. N kò gbọ́n tó láti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, a gbé ẹ̀rọ náà lọ sábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ níwájú ilé ìpàdé. Ìdòwú ní kí n bá òun fi kásẹ́ẹ̀tì sí i kí òun lọ wá bátìrì tó lágbára. Mo fi sí i. Lẹ́yìn náà mo tẹ ìlà tèmi kún tirẹ̀, kí ewúrẹ́ lè máa ké ní ìparí orin.

Nígbà tó dé, ó bèèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?"

Mo ní, "Ó ti wọlé."

Ó gbá mi léjìká, ó ní, "Ọ̀rẹ́ gidi."

Àwọn ọ̀gá dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní Faransé títí oòrùn fi kàn wá lórí. A na ìkúùkù sókè, a sọ ọ́ kalẹ̀, a tún nà án. Delegé wá dìde, ó nawọ́ sí Ìdòwú. Ìdòwú tẹ bọ́tìnnì.

Orin náà jáde nínú ẹ̀rọ agbóhùnjáde tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, ó mọ́ gaara. Delegé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí sí àwọn àlejò. Gbohùngbohùn gbé orin náà yípo pápá. Lẹ́yìn náà ewúrẹ́ ké. Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Àwọn ènìyàn ń wo ara wọn lójú. Orin náà tún bẹ̀rẹ̀, nítorí Ìdòwú ti ṣètò rẹ̀ kó máa yípo. Ewúrẹ́ tún ké. Obìnrin kan láàárín èrò, n kò mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní, ló gbé e sókè: "Ó jí ẹran wa!" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbà á. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo pápá ti ń kọ ọ́. Àwọn ìyá tí wọ́n ti gba ẹran wọn ń jó. Bàbá arọ kan ń fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹ̀rín tí ìlú ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ ló bẹ́ síta. Ọlọ́run lẹ́rìí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìdòwú kò rẹ́rìn-ín. Ó ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì kí ẹ̀rọ lè dákẹ́. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni àwọn ohùn tó ti kọ́ ọ ń jáde lórí ara wọn, agogo, òjò, fèrè, ewúrẹ́. Ó yíjú sí mi, ó kígbe pé, "Kí ló dé sí i?" N kò tíì la ẹnu tí àwọn mílísì fi dé orí rẹ̀.

Wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ fò jáde. Wọ́n fà á ní ẹsẹ̀ gba orí sìmẹ́ńtì. Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó là á mọ́lẹ̀, àwọn bọ́tìnnì rọ́bà fọ́n ká bí ẹ̀wà tó dà nù. Wọ́n yìnbọn sókè. Èrò sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Mo rí ọ̀pá bàbá arọ yẹn tí ẹsẹ̀ ń gbá kiri, n kò rí òun fúnra rẹ̀. Wọ́n mú obìnrin kan tó ń jó, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án títí aṣọ fi ya mọ́ ọn lára. Bóyá òun ló gbé orin, bóyá òun kọ́. Wọn kò bèèrè.

Wọ́n mú èmi náà. Wọ́n tì wá sínú ilé tí wọ́n ń kó òwú sí. Eruku òwú ń fò, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú Ìdòwú. Ojú rẹ̀ kan ti wú, ó ti dí.

Delegé wọlé. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Sàbòtáàsì nìyí, ọ̀tẹ̀ sí Ìyípadà. Ta ló fi ewúrẹ́ sí i?"

"Kamaráàdì Delegé, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀."

Òtítọ́ ni Ìdòwú sọ. Delegé yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ṣe é?"

Ẹ wo ayé. Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń bínú pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá bèèrè, mo ní, "Èmi kì í fọwọ́ kàn án, Kamaráàdì Delegé. Ẹ̀rọ Ìdòwú ni."

Ìdòwú fi ojú kan tó ṣí wò mí.

"Ó dáa," ni Delegé wí. "Bó o bá wà pẹ̀lú Ìyípadà, gbá a. Kí n rí i."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le jù fún mi láti kọ nìyí. Mo ti kọ ọ́ rí, mo sì ti ya á. Ẹ má fi ojú burúkú wò mí títí n óò fi sọ ọ́ tán.

Ìgbájú àkọ́kọ́, mo fi àánú gbá a. Delegé ní, "Ṣé eṣinṣin lò ń pa ni?" Àwọn mílísì rẹ́rìn-ín. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn le. Nígbà náà ni Ìdòwú la ẹnu. Ó pe orúkọ mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé..."

N kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Bóyá ó fẹ́ bi mí pé ṣé kì í ṣe pé kásẹ́ẹ̀tì ló bàjẹ́. Bóyá ó fẹ́ bẹ̀ mí. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé, ṣé kì í ṣe pé ìwọ lo fi sí i. Ìbẹ̀rù gbé mi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a létí ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni ń pàtẹ́wọ́. Ó ṣubú. Mo gun orí rẹ̀. Mo fi ìkúùkù lu etí yìí, mo fi lu ìyẹn, mo ń pariwo pé, "Pa ẹnu dé! Pa ẹnu dé!" Ẹ̀jẹ̀ tú ní etí ọ̀tún, ó gbóná lọ́wọ́ mi, n kò dúró. Ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì. Ẹnu yẹn ni mò ń bá jà, etí ni mò ń fọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn mílísì ló dì mí mú láti ẹ̀yìn. "Ó tó, Mísíyé," ó ní, bí ọmọ kíláàsì ṣe ń pe olùkọ́. "Ó tó. Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ẹni tó gbé ìbọn dání ló ń bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Delegé pàápàá ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Àwọn ọ̀gá Àjàṣẹ́ ti ní kí wọ́n gbé Ìdòwú sínú mọ́tò wọn, kí wọ́n gbé e lọ sí àtìmọ́lé. Delegé ní kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tí wọ́n máa gbé, kí wọ́n gbé e fún ìyàwó rẹ̀.

Etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ti òsì ń gbọ́ díẹ̀, bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú omi, títí òun náà fi di. Olùkọ́ tí kò gbọ́ ìbéèrè ọmọ kò lè dúró ní kíláàsì. Wọ́n dá a dúró. Ó kó lọ sí oko àwọn bàbá rẹ̀ lápá Idigny, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Èmi, wọ́n sọ mí di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ní mo dúró ṣinṣin.

Ìyá mi kò mọ̀ pé èmi ni. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe dójú ti Delegé, inú rẹ̀ sì dùn títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ọwọ́ tó fi ewúrẹ́ sínú ẹ̀rọ yẹn, Ọlọ́run á bù kún un." Èmi ni mò ń bu oúnjẹ sí i lẹ́nu nígbà tó ń gba àdúrà yẹn. Mo ṣe àmín.

Ìyípadà fúnra rẹ̀ yí padà nígbà tó yá. A kò jẹ́ kamaráàdì mọ́. Delegé kú sórí ibùsùn rẹ̀. Mo ní ó yẹ kí ara tù mí, ṣùgbọ́n iná kò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì tán léèékánná.

Ohun tó ń pa mí lọ ni pé Ìdòwú fẹ́ràn mi. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ kí i lóko. Nígbà tí mo lọ, ó dì mọ́ mi, ó sunkún. Ó ní òun ti rò ó lórí ẹní àìsàn: bí kì í bá ṣe pé mo lu òun débi ikú, wọn ì bá gbé òun lọ, òun kì bá tí padà wá láàyè. "Ìgbájú lo fi rà mí padà," ó ní. Ìtàn tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, òun ló sọ fún àwọn ọmọ, òun ló sọ fún pásítọ̀. N kò tako ó. Bóyá òótọ́ tiẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tó wà lọ́kàn mi nínú ilé òwú yẹn. N kò gbà á là. Mo fẹ́ kó dákẹ́ ni.

Ó tún ku èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Ìdòwú gbà pé àṣìṣe òun ni. Ó ní ìgbọ̀n àti gbohùngbohùn ló ti kọ lu ara wọn nínú nọ́ńbà òun, tí wọ́n fi bí ohùn ẹran. Lórí ilẹ̀ oko, tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́, mo ti bá a tó ń ka àwọn nọ́ńbà náà sókè, ó ń wá ibi tó ti ṣì í. Ó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí wá àṣìṣe tí kò ṣe.

Ojú rẹ̀ náà ti ń ṣú báyìí, nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú méjèèjì. Bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, a máa ń fi ìka kọ lẹ́tà gàdàgbà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, òun á fi ẹnu dáhùn. Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ọkọ yìí, ló yára jù nídìí rẹ̀.

Ìyàwó mi nìkan ni mo tíì sọ fún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi ti ara yín ba ìdána ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ara yín nìkan lẹ fẹ́ kó fúyẹ́." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe dúró níwájú àwọn àna, kí pásítọ̀ máa sọ bí mo ṣe gba bàbá ìyàwó là, kí gbogbo ilé máa pàtẹ́wọ́?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo lọ bá a. Òun nìkan ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Mo jókòó tì í, mo gba ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ àgbẹ̀ ni, ó le, ó sì gbẹ. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀: ÈMI NI. Mo fẹ́ kọ ìyókù. Mo fẹ́ kọ pé èmi ni mo fi ohùn ẹran sí i, kó yéé wá àṣìṣe kiri.

Ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé mọ́ ìka mi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni," ó ní. "Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀."

Mo fẹ́ bi í pé ìgbà wo. Ẹ̀bùn gbé omi dé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." Ìdòwú tú ìka mi sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iṣu tí àwọn àna máa gbé wá. Mo mu omi náà. Mo lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wa jù mí lọ, kí ló sọ? Ṣé láti ìgbà tí mo ti dé ló ti mọ̀ pé èmi ni mo wá jókòó ti òun, àbí ó mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, mo ṣì jẹ ẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan, ó sì ṣì ń ka nọ́ńbà lóko. Bó bá jẹ́ ti èkejì, a jẹ́ pé láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀, tó sì ń dì mọ́ mi, tó ń fi mí yangàn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àbí ó ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi ni? Èwo nínú méjèèjì ni n óò lè fara dà?

Ìdána kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti bá mi rán aṣọ tí n óò wọ̀. Ẹ bá mi dá a: ṣé kí n padà lọ kọ ìyókù sí i lọ́wọ́, àbí kí n dúró fún un bó ṣe wí? Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè dárí jì mí. Ẹ̀yin tí n kò ṣẹ̀ rárá ni mo ń bẹ̀ yìí. Ìdòwú tí mo ṣẹ̀, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.